Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀dú Oko Wa

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ojú ilẹ̀ oko rẹ̀. Ó mọ ibi tí ó dúdú, ibi tí ó jẹ́ yanrìn, àti ibi tí iṣu ti í ta. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4 nísàlẹ̀ kì í hàn sí i títí di ọjọ́ tí ó bá gbẹ́ kànga tàbí ṣáláńgá. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni olórí gbòǹgbò kòkó ń wá omi lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ bá dúró ní etí kòtò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sórí òkè ní ìhà Ìbàdàn tàbí Ìwó, ẹ ó rí i pé ìpele-ìpele ni ilẹ̀ wà. Ilẹ̀dú ni ó wà lókè. Kì í sábà nípọn ju ínṣì 6 lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀pa, tí ó pupa tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Nísàlẹ̀ ilẹ̀pa ni àpáta tí ó ti jẹrà: àwọ̀ àpáta ṣì hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè rún un. Ojúlówó àpáta ni ó kẹ́yìn.

Láti inú àpáta yìí ni gbogbo ìyókù ti wá. Omi òjò àti ooru ni wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tí omi lè yọ́, ó gbé e lọ. Apá kan di amọ̀. Èyí tí ó le jù kọ̀, kò jẹrà. Òun ni yanrìn àti òkúta funfun wẹ́wẹ́. Irin tí ó wà nínú àpáta náà dípẹtà, bí àdá tí a gbàgbé sínú òjò, ìpẹtà yìí ni ó sì mú ilẹ̀pa pupa.

Òjò kò dáwọ́ dúró síbẹ̀. Ó ń fọ amọ̀ kíkúnná láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí náà ni òkè fi jẹ́ yanrìn tí ìsàlẹ̀ sì ń lẹ̀. Ní ti òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ gbà pé ọwọ́ ekòló àti ìkán wà nínú rẹ̀. Erùpẹ̀ kíkúnná ni wọ́n ń gbé jáde. Wọn kò lè gbé òkúta. (Ẹ tú ọ̀gán kan wò.) Bí wọ́n ti ń kó erùpẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀.

Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀, pupa náà yóò di pupa rúsúrúsú, yóò sì di àwọ̀ eérú níbi tí omi ń dúró sí. Afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, gbòǹgbò kòkó kò sì fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, irin tí omi kó jọ yóò gbẹ, yóò sì le di yangí. Bí a bá ro ilẹ̀ ní àrojù tí àgbàrá sì wọ́ ilẹ̀dú lọ, oòrùn lè sọ ìpele rírọ̀ tí ó hàn síta di yangí pẹ̀lú, kò sì ní rọ̀ mọ́.

Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé A. J. Smyth àti R. F. Montgomery jáde ní Ìbàdàn lórí irú ilẹ̀ wọ̀nyí. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi pè wọ́n: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Ìtagúnmọdì. Ti Ìtagúnmọdì, tí ó ti inú àpáta dúdú wá, jẹ́ amọ̀ pupa jíjìn tí òkúta rẹ̀ kò pọ̀. Kòkó fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbin kòkó, ẹ gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 5 sí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ oko. Bí ẹ bá kan yangí ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàdo àti ẹ̀wà. Nígbà tí ẹ bá ń dí kòtò náà, ilẹ̀pa ni kí ẹ kọ́kọ́ dà padà, kí ilẹ̀dú kẹ́yìn.