Rìfọ́fà Àtijọ́ Lọ́wọ́ Ọmọ Okun Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Amẹ́ríkà

Kò sí ọmọ Owé tàbí ọmọ Ìjùmú tó dàgbà nílé tí kò mọ ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ. Bí ẹ bá bi baba tó ni ín léèrè ọdún tí wọ́n rọ ọ́, yóò ní baba tó bí òun ló fi lé òun lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Níbi tí ẹ dé yìí, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í tà. Ẹni tó ń ta rìfọ́fà àtijọ́, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, lè sọ fún yín pé ọlọ́pàá Chicago kan ló lò ó rí, tàbí pé ó ti lọ sójú ogun. Ẹ gbọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ wá dojú ìdí ìbọn náà sókè, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò nílé lọ rà á, físà wo ló wà lọ́wọ́ yín? Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, ní ìbọn tàbí ọta, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè rà á. Lọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, ẹ ó sì kọ fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ 4473. Ẹ fara balẹ̀ kọ ọ́ fúnra yín. Irọ́ inú fọ́ọ̀mù yẹn ẹ̀wọ̀n ni, ẹni tó bá sì pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì dà á lè bá ara rẹ̀ nínú bàálù tó ń padà sí Lagos. Òfin ìpínlẹ̀ náà tún wà: ní Texas ẹ kò nílò ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ láti rà á, ní Maryland ẹ ó kẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó tẹ̀ka, kí wọ́n tó fún yín níwèé.

Nínú òfin ìbọn àpapọ̀ ti ọdún 1968, ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe ìbọn mọ́ lójú ìjọba àpapọ̀. Ohun àtijọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń fi ọjọ́ orí kún ìbọn tí wọ́n ń tà. Wọn á nawọ́ sí déètì tó wà lára ọ̀pá ìbọn. Ọdún tí ilé iṣẹ́ gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn, ìbọn fúnra rẹ̀ lè fi ogún ọdún kéré sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti Smith & Wesson, tó wọ́pọ̀ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilé ọta, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Military & Police bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Bí lẹ́tà V bá ṣáájú nọ́ńbà ìdí rẹ̀, ìgbà ogun Hitler ni, láàárín 1942 sí 1945. Láti 1957 ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà irú ìbọn sí kọ̀rọ̀ tí ẹ kò lè rí àfi tí ilé ọta bá ṣí. Bí ẹ bá rí MOD 10 níbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé ti 1930 ni ìbọn náà ń purọ́. Kí nọ́ńbà ìdí bá ti ẹ̀yìn ilé ọta àti ti abẹ́ ọ̀pá mu pẹ̀lú; bí kò bá bára mu, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan. Smith & Wesson Historical Foundation máa ń gbowó kọ lẹ́tà tó ń sọ ọjọ́ tí ìbọn kúrò nílé iṣẹ́; Colt náà ń ṣe é.

Èyí tí wọ́n tún kùn, èmi ò ní san owó gidi lé e. Ẹ wo lẹ́tà ara rẹ̀: bí etí rẹ̀ bá ti kú, wọ́n ti fi ẹ̀rọ họ ọ́. Rìfọ́fà tó ṣáájú 1900 sì sábà jẹ́ ti ẹ̀tù dúdú; ọta òde òní lè fọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ti Kánádà, wọ́n ti dá rírà àti títà ìbọn ìléwọ́ dúró láti October 2022. Ní Britain, wọ́n ti fòfin dè é láti 1997, lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ nílùú Dunblane. Ìwọ̀nba ti àtijọ́ ni òfin yọ sílẹ̀.

Yóò wu ẹlòmíràn kó gbé rìfọ́fà ayé 1897 lọ sílé, nítorí January ọdún náà ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba Lọ́kọ́ja wọ Kabba nílẹ̀ wa, tí àwọn ọmọ ogun Nupe tó dó síbẹ̀ sì ti kẹ́rù. Ẹ má dán an wò. Lábẹ́ òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, ọdẹ lè gba ìwé àṣẹ ṣakabùlà, ṣùgbọ́n gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tó ń lo òkúta ìṣáná, wà lára àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò ní bi yín ní ọjọ́ orí rẹ̀. Bí baba nílé bá fẹ́ rí i, fọ́tò WhatsApp tó.