Ẹ̀KỌ́ 14: LẸ́TÀ TÓ TẸ̀ LÉ NỌ́ŃBÀ

Ẹ kà á:

Ìyá kan fẹ́ ra ẹ̀rọ amúnáwá. Ó rí méjì lọ́jà, owó wọn dọ́gba. Wọ́n kọ 1500 W sára èkíní, wọ́n kọ 2 kW sára èkejì. Ìyá ní: «1500 pọ̀ ju 2 lọ.» Ó ra èkíní. Nígbà tó délé, ẹ̀rọ náà kò lè gbé iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Nọ́ńbà nìkan ló kà, kò ka lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn lẹ́tà náà:

1000 mW (mílíwáàtì) = 1 W (wáàtì)
1000 W = 1 kW (kílówáàtì)
1000 kW = 1 MW (mẹ́gáwáàtì)

Bí ẹ bá ń gòkè lọ sí èyí tó tóbi, ẹ fi 1000 pín in. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 1000. Nítorí náà, 2 kW jẹ́ 2000 W. Ó ju 1500 W lọ.

Ẹ ṣọ́ra! m kékeré kì í ṣe M ńlá. Iná pupa kékeré ara rédíò lè gba 40 mW. Irú rẹ̀ 25 ló pé 1 W. Ṣùgbọ́n ìsédò Nangbeto, lórí odò Mono ní Tógò, tó ń fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ní iná láti 1987, lè mú 65 MW wá. Èyí jẹ́ 65 000 kW, tàbí 65 000 000 W.

Ẹ dáhùn:

1. 3 kW jẹ́ wáàtì mélòó?
2. 500 mW àti 2 W: èwo ló pọ̀ jù?
3. Ẹ wo ara ẹ̀rọ kan nílé yín. Lẹ́tà wo ló tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀?