Àròkọ Ìtàn Ìgbésí-Ayé: Ayàwòrán Inú Ìwé

Ìbéèrè: Kọ ìtàn ìgbésí-ayé ayàwòrán kan tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ìwé.

Bí irú ìbéèrè yìí bá jáde, má ṣe máa to ọdún ìbí, ọdún ilé-ìwé àti ọdún oyè jọ bí ẹni to iṣu sí àká. Wá ibi tí nǹkan ti le fún ẹni náà, kí o sì dúró níbẹ̀ dáadáa. Ìwọ tí o ń gbé ní Ìgbẹ́mọ tàbí Adó-Èkìtì, ó lè wù ọ́ láti kọ nípa Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n igi ni ó gbẹ́. Ohun tí wọ́n bi ọ́ ni kí o dáhùn.

ÀPẸẸRẸ

Bruce Onobrakpeya ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ Urhobo ni. Agbarha-Otor ni wọ́n bí i sí ní 1932. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Zaria ní 1957. Ní 1958, òun àti Uche Okeke, Yusuf Grillo, Demas Nwoko àti àwọn mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ máa ya àwòrán bí òyìnbó ṣe ń yà á ṣáá. Láti 1963 di 1980, ó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́-ọnà ní St. Gregory's College, Èkó.

Òun ni ó ya àwòrán inú Forest of a Thousand Daemons, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1968.

Ọdún tí ó ṣáájú èyí ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Nínú iṣẹ́ títẹ àwòrán, a óò fi ìda bo ojú awo síńkì, a óò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ya àwòrán sí i, a óò sì rì í sínú ásíìdì kí ó jẹ ibi tí a yà. Yíǹkì tí ó bá kún ojú ọgbẹ́ náà ni yóò tẹ̀ sára bébà. Ní 1967, ásíìdì kan tí ó lò ba awo rẹ̀ jẹ́. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ó pẹ́, ó mú un jáde, ó fi gọ́ọ̀mù Araldite tún ojú rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́. Bébà tí ó jáde ní òkè àti kòtò lójú, bí ilẹ̀kùn ààfin tí wọ́n gbẹ́. Plastograph ni ó pe ọ̀nà yìí, ó sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó tún hùmọ̀ àmì ìkọ̀wé tirẹ̀ láti inú àṣà Urhobo, ó pè é ní Ibiebe. Ní 1985, ìwé rẹ̀, Symbols of Ancestral Groves, jáde. Láti 1998 ni àwọn oníṣẹ́-ọnà ti ń péjọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Agbarha-Otor.

ÀKÍYÈSÍ

Ṣé o rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ gbà, tí awo tí ó bàjẹ́ sì gba odidi ìpínrọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò kọ "gbajúgbajà" lẹ́ẹ̀kan. Ó fi àmì-ẹ̀yẹ UNESCO ti 2006 sílẹ̀. Èmi ì bá fi í sí i, ṣùgbọ́n n kò ní yọ máàkì rẹ̀. Ohun tí n óò yọ máàkì sí ni pé kò sọ ohun tí ó wà nínú àwòrán ìwé Fágúnwà náà. Ibẹ̀ ni ìbéèrè wà gan-an.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Wá ìwé alàwòrán kan. Fi ìpínrọ̀ kan ṣàpèjúwe àwòrán kan nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí.