Ẹ Má Tíì Wẹ Ọmọ Náà: Ṣe àti Má Ṣe Nínú Ọ̀rọ̀ Ìfipábánilòpọ̀

Ìyá gbọ́ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ rí. Ó figbe ta, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sáré gbé omi kaná. Ó wẹ̀ ẹ́ tọṣẹ-tọṣẹ, ó fọ pátá àti gáùn rẹ̀, ó sá wọn sórí okùn. Ìfẹ́ ìyá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti bá omi ọṣẹ wọ gọ́tà lọ.

Òfin wa kò rọ̀ lórí ìwà yìí. Ní Èkó, adájọ́ lè rán ẹni tó fipá bá ènìyàn lò lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí ẹ̀rí dáni lójú, kí iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá má ṣẹ́kù, kí adájọ́ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ń hu ìwà náà, ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ló sì sábà máa ń hù ú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ fi ń kú sílé, kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́. Ohun tí a lè ṣe nìyí kí wọ́n má bàa kú.

NÍ ILÉ

Má ṣe: Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, ẹ má gbá yàrá náà. Bí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ má torí ẹ̀ jókòó sílé. Ẹ ṣì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ṣe: Ẹ kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ má lo ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń lààgùn, aṣọ á bu nínú rẹ̀, ohun tí wọn ì bá fi ṣe àyẹ̀wò DNA á sì bàjẹ́.

Ṣe: Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Má ṣe: Ẹ má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu: "Ṣé Bọ̀dá ìsàlẹ̀ ni? Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́ níbí?" Lọ́jọ́ ẹjọ́, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

NÍ ỌSIBÍTÙ

Ṣe: Ẹ tètè lọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè wọlé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ti ìdènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, àmọ́ bó bá ṣe yá sí ló ṣe dára sí. Ní Èkó, Mirabel Centre, ibùdó tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò, wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà láti ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀, wọ́n sì ń bá ẹni tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ ìtùnú.

Má ṣe: Bí wọ́n bá ní ìbálé rẹ̀ kò já, ẹ má rò pé ẹjọ́ ti tán. Òfin kò ní kó já. Ìwọlé, bó ti wù kó kéré mọ, ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsí ọgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó gbà.

Má ṣe: Ẹ má bi í pé, "Kí ló dé tó ò pariwo?" Ẹ̀rù a máa mú kí ara gan, kí ohùn há sọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó dákẹ́ kò sọ pé òun fẹ́.

NÍWÁJÚ ÀGBÀ ILÉ

Má ṣe: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́" pa yín lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún àti ìjà tọkọtaya ni òwe yẹn wà fún. Ta ni ọmọ yìí tún fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́?

Má ṣe: Ẹ má gba owó ẹ̀bẹ̀. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò, ẹni tó gba nǹkan láti bo ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére mọ́lẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje jura.

Má ṣe: Ẹ má torí ìtìjú mú ọmọ lọ fún ìyá àgbà lábúlé, kí ẹ sì pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Òun ni ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù. Bí kóòtù bá pè é tí a kò rí i, wọ́n lè fagi lé ẹjọ́.

NÍ TÉṢÀN

Ṣe: Ẹ ní kí ọlọ́pàá obìnrin gba ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí, nítorí wọ́n lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn láìpẹ́.

Ṣe: Ẹ ní kí wọ́n ka sítétímẹ́ǹtì náà sétí yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ọmọ kò bá rántí aago, kó ní òun kò rántí. Bó bá méfò "aago mẹ́rin" ní téṣàn, tó wá sọ "aago mẹ́fà" ní kóòtù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pè é ní òpùrọ́.

NÍ KÓÒTÙ

Ṣe: Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì sọ pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, àfi kí ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn. Ẹ rántí aṣọ inú àpò bébà yẹn.

Ṣe: Ẹ fọkàn sí i pé ẹjọ́ yóò pẹ́. Wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á tún sún un. Bí adájọ́ bá fẹ̀yìn tì, wọ́n lè tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ máa tẹ̀ lé ọmọ lọ nígbà gbogbo.

Má ṣe: Ẹ má gbà kí wọ́n máa tú ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí ẹni tọ́rọ̀ kàn ti bá pàdé tẹ́lẹ̀ síta. Òfin Ẹ̀rí kan náà kò gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìsí àṣẹ adájọ́. Ẹ rán agbẹjọ́rò ìjọba létí.

Má ṣe: Ẹ má gbé fọ́tò tàbí orúkọ ọmọ sórí Facebook. Ẹjọ́ á parí lọ́jọ́ kan, fọ́tò kò ní parẹ́.

Gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìnkùlé, nídìí omi tó wà lórí iná. Ìyá, ẹ sọ omi náà kalẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo ọmọ, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́." Kí ẹ wá dìde, ó di ọsibítù. Bí ẹ bá dé, omi ṣì wà, ẹ ó wẹ̀ ẹ́.