Akànṣẹ́ Tí Ọjọ́ Orí Ti Dé Sí: Ṣé Kó Padà Sójú Ìjà?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ kéwú ọjọ́ Àìkú kan ní Igbó-Ọrà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró dè mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Áfáà, ẹ bá wa bá bọ̀ọ̀dá mi sọ̀rọ̀." Bọ̀ọ̀dá yìí kan ẹ̀ṣẹ́ ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 43 báyìí, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti fi í sílẹ̀. Ẹnì kan wá fi owó lọ̀ ọ́ pé kó wá jà lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ lọ, òun ní òun yóò lọ.

Kí n má parọ́, èmi náà ti fi oorun sílẹ̀ rí láti wo Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá. N kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ adùn eré náà. Ṣùgbọ́n ní 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíkíhì ti Rábítà ní Mẹ́kà jókòó lórí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, wọ́n sì ní kò tọ́ fún Mùsùlùmí, nítorí pé orí ìpalára ni wọ́n gbé e kà: ó lè fọ́ni lójú, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó lè pani. Bọ̀ọ̀dá wa ní òun ti gbọ́ o, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀ẹ̀kan péré náà.

Ọmọ Ghana ni Azumah Nelson, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní 1984. Ní 1991 òun àti Jeff Fenech, ará Australia, jà ní Las Vegas, wọ́n ní ọ̀mì ni. Ní 1992 wọ́n tún pàdé ní Melbourne, Azumah sì dá a dúró ní abala kẹjọ ìjà. Ọ̀rọ̀ parí. Azumah ja ìjà rẹ̀ tí a rò pé ó kẹ́yìn ní 1998. Àfi bí ó ṣe di 2008 tí àwọn méjèèjì tún gun orí pèpéle ìjà ní Melbourne, Azumah ẹni ọdún 49, Fenech ẹni ọdún 44. Fenech ni wọ́n gbé e fún. Kí ni ìjà yẹn fi hàn tí ti 1992 kò tíì fi hàn? Èmi kò rí i.

Ti Muhammad Ali ló dùn mí jù. Arákùnrin wa nínú ẹ̀sìn ni, ó sì wá sí Nàìjíríà níbí ní 1964. Ní 1979 ó kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Owó pè é padà, ó sì gbà láti bá Larry Holmes jà ní oṣù kẹwàá 1980, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 38. Ó lo oògùn, ara rẹ̀ fọn, ó pa irun rẹ̀ láró dúdú, àwọn tó rí i ní èwe ti padà. Irun ló padà, ẹsẹ̀ kò padà. Abala mẹ́wàá ni Holmes fi lù ú, kò borí ní ọ̀kankan, títí Angelo Dundee tí ń tọ́ ọ fi ní ó tó. Ṣé ìyẹn ló kẹ́yìn? Rárá. Ní oṣù kejìlá 1981 ó tún lọ bá Trevor Berbick jà ní Bahamas, ó tún pàdánù. Ní 1984 wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ pé àrùn Parkinson, èyí tí ń mú ara gbọ̀n, ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe dá kún un tó, ṣùgbọ́n ẹnu tí gbogbo ayé mọ̀ fún ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já geere mọ́ títí ó fi kú ní 2016.

Ọmọ náà dá mi lóhùn: "Áfáà, George Foreman ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Foreman fi ìjà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó padà ní 1987, ó sì tún gba ìgbànú àgbáyé ní 1994 ní ẹni ọdún 45. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe gbà á. Abala mẹ́sàn-án ni Michael Moorer fi ń lù ú, kí ó tó rí àyè sọ ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbé e ṣubú ní ìkẹwàá. Ohun tí àwọn onímọ̀ eré náà ń sọ nìyí: ojú àti ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, agbára ọwọ́ ló ń kẹ́yìn. Ọwọ́ ni Foreman gbójú lé. Ẹni tí ó jẹ́ pé sísá fún ẹ̀ṣẹ́ ni ọgbọ́n rẹ̀, kí ni yóò gbójú lé? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé bọ̀ọ̀dá òun yára bí ológbò nígbà náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n padà tí wọn kò rí nǹkan kan gbà, ta ló ń ka orúkọ wọn fún wa?

Hogan Bassey, ọmọ Calabar, gba ìgbànú àgbáyé ní Paris ní 1957. Davey Moore gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959, ó tún na án lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún kan náà. Bassey kò tíì pé ọdún 30, ó fi í sílẹ̀, ó di olùkọ́. Ó tó ọdún 38 sí i tí ó fi wà láyé. Èmi kò ní kí bọ̀ọ̀dá wa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀ṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìjàkadì wà, eré sísá wà, àwọn ọmọ wa ní Èrúwà àti Lánlátẹ̀ sì nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá Rùkánà jìjàkadì rí.

Ẹ̀yin arábìnrin, ìyàwó yìí kò ṣe orí kunkun. Ara tí Ọlọ́hun fi ṣọ́ ọkọ rẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ mẹ́ta ń jẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ara wà lọ́rùn ẹni, ẹ̀tọ́ aya náà wà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí á fi wàásù dá ebi dúró. Owó ló ń lé e lọ. Nítorí náà a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó nínú ẹgbẹ́, ó sì ku díẹ̀ kí ti sáà yìí pé.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, a ó lọ bá a nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní kí á má pẹ́, nítorí pé ó ti ń sáré ní ojú ọ̀nà Ìdéré ní ìdájí.