Egbò Ara àti Àníyàn Ọkàn

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan àwọn ará wa tí a bí ní àfín, àti àwọn tí ń bá wọn gbé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba Ẹnu Ọ̀wá kọjá ní ọ̀sán gangan mọ bí oòrùn Èkó ti ń mú tó. Àwa yòókù a nu òógùn nù, a sì bá tiwa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àfín, nítorí ohun tí ń mú awọ dúdú, tí ó sì ń dáàbò bò ó, kò tó lára rẹ̀. Dókítà A. N. Okoro tẹ ìwádìí jáde ní 1975 lórí àwọn àfín ilẹ̀ Nàìjíríà: kò rí ẹnìkan nínú wọn tí ó ti ré kọjá ọmọ 20 ọdún tí kò ní jẹjẹrẹ awọ ara, tàbí àpá tí í máa ṣáájú rẹ̀.

Bí a bá tètè rí irú egbò bẹ́ẹ̀, dókítà a gé e kúrò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ a sì sàn. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í tètè jiná bí awọ. Ẹni tí a ti tú okùn ojú egbò rẹ̀ yóò máa wo dígí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́; èéwo kékeré kan yóò gba oorun lójú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a kì í tilẹ̀ dárúkọ àrùn náà, bí ẹni pé ikú ni orúkọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò a sì wí pé iyọ̀ tí àfín jẹ ni ó fa egbò. Iyọ̀ kò mọ ohunkóhun níbẹ̀, oòrùn ni. Nítorí ìtìjú wọ̀nyí ni àwọn mìíràn fi ń fi gèlè bo egbò títí ohun kékeré yóò fi di ńlá.

Kí ni a lè ṣe? Kí aláìsàn bi dókítà léèrè gbangba: irú èwo ni, ó ha ti jinlẹ̀ bí, ìgbà wo ni kí òun padà wá? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Akẹtẹ̀ fífẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn ń dáàbò bo awọ, wọ́n sì ń tu ọkàn nínú, nítorí ọwọ́ rí iṣẹ́ ṣe sí ohun tí ń bà á lẹ́rù. Ó dára kí ó bá àwọn tí wọ́n ti rin ọ̀nà náà sọ̀rọ̀. A dá ẹgbẹ́ The Albino Foundation sílẹ̀ ní 2006 nítorí àwọn àfín. Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sọ fún dókítà pẹ̀lú. Èyí kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Àwa tí a ń bẹ̀ wọ́n wò jẹ̀bi ọ̀rọ̀ kan: a máa ń wí pé, “Ẹ má rò ó mọ́.” Ta ni í ṣe é? Ó sàn kí a wí pé, “Ìgbà wo ni ẹ ó padà lọ? N ó bá yín lọ.”

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọmọ àfín jókòó nítòsí pátákó, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó dé fìlà bí ó bá jáde. Bí ẹ bá sì rí egbò tí kò jiná lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni kí ẹ pè sí ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe ojú kíláàsì.