Yàrá olóṣù mẹ́ta l'Ékòó: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò wò kó tó sanwó

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń ti Ìṣẹ́yìn, Òṣogbo, Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ wá sí Èkó kì í wá gbé ibẹ̀. Ọjà ló ń gbé wọn wá. Ẹlòmíì fẹ́ fi oṣù méjì wò ó bóyá aṣọ òkè rẹ̀ yóò tà ní Balógun, ẹlòmíì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Computer Village n'Íkẹjà, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ wá pàtẹ níbi ọjà àgbáyé Èkó tó máa ń wáyé lóṣù kọkànlá ọdún. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ilé ọlọ́dún kan, òtẹ́ẹ̀lì sì wọ́n ju ohun tí èrè ọjà lè gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá yàrá tí wọ́n ti to bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti àga sí, nínú fúláàtì tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta jọ ń lò, tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì ni àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ń pè é.

Ìṣirò owó ló yẹ kó kọ́kọ́ wáyé, nítorí pé owó oṣù kan tó dà bíi pé ó kéré lè ju owó ọdún lọ tí kò bá tètè tán. Ká sọ pé yàrá kan nínú irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ jẹ́ N150,000 lóṣù, tí ìpín ẹni tó gbà á nínú owó iná, omi àti ìdọ̀tí sì jẹ́ N40,000. N190,000 nìyẹn lóṣù kan, N570,000 sì ni fún oṣù mẹ́ta. Ká tún sọ pé ilé kékeré tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, tó jẹ́ ti ọlọ́dún kan, jẹ́ N900,000. Ẹ́jẹ́ǹtì yóò gba ìdá mẹ́wàá, lọ́yà náà yóò gba ìdá mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ́pọ̀, ìyẹn N180,000. Bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, gáàsì, fáànù àti kọ́tìnì lè kó N600,000 lọ. Kí ẹni náà tó sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀, N1,680,000 ti lọ, láìtíì ka owó tí onílé ń dì mú nítorí nǹkan tó bá bàjẹ́, tàbí N30,000 tí yóò máa fi ra iná lóṣooṣù.

Lórí ìṣirò yìí, yàrá àjùmọ̀lò ló dín owó kù títí di oṣù kẹwàá. Ní oṣù kẹwàá, N1,900,000 ni yóò ti ná an, nígbà tí ilé ọlọ́dún kan ti ná N1,980,000. Tó bá di oṣù kọkànlá, òṣùwọ̀n ti yí: N2,090,000 sí N2,010,000. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun lè ta àwọn ẹrù ilé náà ní ìdajì iye tí òun rà wọ́n, oṣù kẹsàn-án ni ti tirẹ̀ yóò ti yí. Iye tó wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìṣirò náà kò yàtọ̀. Kí oníṣòwò kọ iye ti tirẹ̀ sínú ìwé, kó wo oṣù tí òṣùwọ̀n yóò yí, kó sì bi ara rẹ̀ bóyá ọjà náà yóò gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lóṣù Kejìlá ní láti fi nǹkan kún un, nítorí àwọn tó ń ti òkè òkun wá ṣe ọdún máa ń sọ owó irú ilé yìí di ọ̀wọ́n, pàápàá ní Lẹ́kí, Ìkòyí àti Victoria Island.

Lẹ́yìn owó, ìbéèrè tó wúwo jù ni pé ta ló ni ilé. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà fi irú yàrá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ onílé fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ iléeṣẹ́ tó gba ilé lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú àdéhùn pé òun yóò máa fi gba àlejò. Ó sì lè jẹ́ ayálégbé kan tó gba fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, tó to nǹkan sí i, tó wá ń fi yàrá méjì sílẹ̀ kó lè rí owó ilé tirẹ̀ san. Ẹni kẹta yìí ló pọ̀ jù láàárín àwọn tí owó wọn dín díẹ̀, òun náà sì ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ oníjìbìtì o. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ èèyàn dáadáa tó ń wá bí oúnjẹ yóò ṣe dé ẹnu. Ṣùgbọ́n ìwé tí onílé fún wọn sábà máa ń sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ fi ilé náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ onílé. Tí onílé bá gbọ́, tàbí tí ayálégbé náà bá jẹ gbèsè, tàbí tí ọdún rẹ̀ bá pé, ẹni tó sanwó oṣù mẹ́ta fún un kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú onílé. Lọ́wọ́ ẹni tó gba owó rẹ̀ nìkan ló ti lè béèrè, ìgbà tó sì máa ń béèrè ni ẹni yẹn kì í gbé fóònù mọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun mẹ́ta ni kí oníṣòwò ní kí wọ́n fi han òun: rìsíìtì owó ilé tí ayálégbé náà san kẹ́yìn, ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ yóò pé, àti lẹ́tà tí onílé fi fọwọ́ sí i pé ó lè gba èèyàn sínú ilé. Tí ọdún rẹ̀ bá ku oṣù méjì péré, kò lè ta oṣù mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bínú nítorí pé wọ́n béèrè ìwé wọ̀nyí ti dáhùn ìbéèrè náà. Tí ẹ́jẹ́ǹtì bá wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀. Owó kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ kí ẹni tó fẹ́ gba ilé tó wọ inú yàrá náà fúnra rẹ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán yàrá kan ṣoṣo gba owó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báǹkì tí wọ́n fẹ́ sanwó sí gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà nínú ìwé àdéhùn mu.

Ní ti òfin, òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ni ó yẹ kí èèyàn mọ̀. Òfin náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tí orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà bò wà lára rẹ̀. Ó ní tí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, oṣù kan ni ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù kó tó kúrò, oṣù mẹ́ta sì ni fún ẹni tó ń san ti oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó tún ní owó tí onílé bá gbà nítorí nǹkan tó lè bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn yọ Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ilé ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí. Lọ́dún 2025, àbá òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, nítorí náà ó yẹ kí èèyàn bi lọ́yà léèrè èwo ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fọwọ́ síwèé.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Àwọn ìwé kan kò pe ẹni tó gba yàrá ní ayálégbé rárá. Àlejò ni wọ́n pè é, tàbí ẹni tí wọ́n kàn gbà láyè láti lo ibẹ̀. Àyè tí wọ́n gba ni yìí kò ní agbára tí ilé gbígbé ní, ìkìlọ̀ oṣù kan tí òfin sọ lè má kan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kóòtù kì í wo orúkọ tí ìwé pe nǹkan nìkan o, ó máa ń wò ó bóyá ẹni náà ló ní yàrá náà sọ́wọ́ tí ẹlòmíì kò lè wọlé láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó wá fi oṣù mẹ́ta tajà kò ní àsìkò kóòtù. Ohun tó rọrùn ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wáyé látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, àti iye tí wọn yóò dá padà tí onílé bá dá àdéhùn dúró láàárín méjì.

Tí àwọn oníṣòwò mẹ́ta bá jọ fẹ́ gba fúláàtì kan, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún yàrá kọ̀ọ̀kan dára ju ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fọwọ́ sí lọ. Ìwé kan ṣoṣo sábà máa ń so gbogbo wọn pọ̀, débi pé tí ẹnì kan bá sá lọ lóṣù kejì, onílé lè gba gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i.

Iná mànàmáná ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé àjùmọ̀lò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Band A ti ń san ohun tó lé ní N200 fún yúnìtì kan. Ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń jẹ iná tó kílówáàtì kan lé díẹ̀, tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lálaalẹ́ láìsinmi, lè jẹ yúnìtì mẹ́sàn-án, ìyẹn nǹkan bíi N1,800 lóru ọjọ́ kan, ó sì lé ní N50,000 lóṣù. Tí ẹni tó ń lo fáànù bá ń dá iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń lo amúlétutù, èrè ọjà ẹnì kan ló ń tu ẹlòmíì lára. Kí wọ́n béèrè bóyá míta kékeré wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí, kí wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe pín in sílẹ̀ kí wọ́n tó kó wọlé, kí wọ́n sì wò ó bóyá gbèsè àtẹ̀yìnwá wà lórí míta. Bákan náà ni epo jẹnẹrétọ̀.

Ọjà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé gbígbé ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sì kà á léèwọ̀ láti máa tajà níbẹ̀. Àpò aṣọ mẹ́fà nínú yàrá lè má dun ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí oníbàárà máa wọlé láàárọ̀ àti lálẹ́ yóò bí àwọn ará ilé nínú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì yóò máa dá wọn padà. Kí olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀, kí ọjà má sì sùn ní pálọ̀. Oníṣòwò tó bá fẹ́ fi àdírẹ́sì ibẹ̀ forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC kò ronú jìnnà, nítorí pé iléeṣẹ́ tó bá yí àdírẹ́sì padà gbọ́dọ̀ sọ fún CAC láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, báǹkì náà yóò sì tún béèrè ìwé iná ilé tó ń gbé. Àdírẹ́sì ilé ní Ìṣẹ́yìn tó o.

Lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí òun àti ẹni tó fún un nílé jọ rìn yí ká, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, títí kan ojú àga tó ti ya àti fíríìjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé dáadáa, kí wọ́n fi fóònù ya wọ́n, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé náà. Èyí ló ń gba owó tí wọ́n dì mú padà. Kí ìwé sọ iye ọjọ́ tí owó náà yóò fi padà, bí ọjọ́ méje, kó sì sọ pé nǹkan tó gbó nípa lílò kì í ṣe nǹkan tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ìwé yẹn ni wọn yóò tún gbé jáde, wọn yóò ka iye tó ṣẹ́ kù lórí míta, yóò kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, yóò sì gba ìwé pé òun kò jẹ gbèsè kankan, kó tó di pé ọkọ̀ tó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́nu géètì.